Pátákó iṣẹ́ kíláàsì wa: bí mo ṣe kàn án, bí ó ṣe bàjẹ́, bí mo ṣe tún un ṣe

Ìdí tí mo fi gbé hámà

Ọmọ 34 ló wà ní kíláàsì mi, Práímárì Kìíní, ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún ààbọ̀, èyí tó dàgbà jù ń lọ sí méje. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà, mónítọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń yàn. Òun ló ń nu pátákó, òun ló ń pín ìwé, òun ló ń kọ orúkọ aláriwo, òun náà ni mo ń rán lọ gba ṣọ́ọ̀kì ní ọ́fíìsì. Àwọn 33 tó kù, ìran ni wọ́n ń wò.

Ní táàmù kejì, ibà dá mónítọ̀ dúbúlẹ̀. Mo dé ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, iṣẹ́ àná ṣì wà lójú pátákó, ìwé ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ fọwọ́ lẹ́rán. Mo bi ọmọbìnrin tó jókòó ti dọ́sítà pé kí ló dé tí kò bá wa nu pátákó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Àńtí, èmi kọ́ ni mónítọ̀."

Ìyá ọmọ yìí ń ta ata ní Òyìngbò. Mo ti ra ata lọ́wọ́ wọn, mo sì ti fojú ara mi rí ọmọ náà tó ń ṣa èyí tó ti rà kúrò lára èyí tó dáa, tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó nípò. Nínú kíláàsì mi, àlejò ni.

Mo bá ní n ó kan pátákó iṣẹ́: àwòrán iṣẹ́ lókè, ìkọ́ lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ọmọ lára pákó pélébé tí a lè gbé kọ́, tí a sì lè gbé kúrò. Mò ń kọ bó ṣe lọ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ibi tí mo ti ṣìṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ kan tirẹ̀ má baà tún un ṣì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí táàmù kẹta tó wọlé

Oko-Bàbá ni mo gbà lọ. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó lẹ́bàá ọ̀sà ni nígbà náà. Ẹni tó bá gba afárá Third Mainland kọjá láyé ìgbà yẹn á ti rí i láti òkè: ìtì igi tó léfòó lórí ọ̀sà, èéfín tí kì í tán, òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi. Kì í ṣe gẹdú ni mo bá lọ o. Bàbá káfíńtà kan ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn àwọn onípákó, mo sì mọ̀ pé àjẹkù pláíwúùdù kì í wọ́n nílẹ̀ wọn. Odidi rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 ni. Èyí tí wọ́n gé fún mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2, nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì.

"Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa fi pín iṣẹ́ fáwọn ọmọ ni, Bàbá."

"Ẹnu yín ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá sọ fún mi pé etí ni omi máa ń gbà wọ pláíwúùdù, pé kí n kun etí rẹ̀ lọ́dà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kun ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo délé, ọ̀dà gílọ́ọ̀sì kékeré tí mo rà kò tó nǹkan, mo kun ojú rẹ̀ kó lè dán, mo fi etí sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo pín ìbú pátákó, íǹṣì 48, sọ́nà mẹ́fà: íǹṣì 8 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlà méjì, iṣẹ́ 12. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé kọ́ọ̀pù kọ́ ni mo lò, èyí tó ní síkúrù nídìí; ẹ fi ìṣó kékeré lu ojú ihò ná, lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ yí i wọlé. Àwòrán ni mo yà sí káádì, mi ò kọ ọ̀rọ̀, torí ìdajì wọn kò tíì lè ka "ìgbálẹ̀". Pákó orúkọ 34, íǹṣì 3 sí 2, láti ara pláíwúùdù tín-ín-rín tí Bàbá fi ṣe ẹ̀ẹ̀nì. Mo fi okùn ọ̀rá so wọ́n. Owó tó lọ sí gbogbo rẹ̀ kò ju owó dáńfó mi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: mo kàn án fún ara mi

Ojú mi ni mo fi wọn gíga rẹ̀. Ó rẹwà níbẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ ní láti gun àga, ẹnì kan sì yọ̀, ó fẹnu lé etí àga. Ètè ló fi bó, mo dúpẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo yọ gbogbo ìṣó. Mo pe ọmọ tó kúrú jù, mo ní kó dúró ti ògiri kó na ọwọ́ láìtiro. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ìka rẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni ìlà ìkọ́ òkè wà báyìí. Bí àgbàlagbà bá wọ kíláàsì wa, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè kà á. Ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ní àyè tó tó, ibẹ̀ ni mo gbé e lọ. Àṣìṣe kejì nìyẹn, ṣùgbọ́n òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì: alámòójútó iná

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ 12 ni títan iná àti fáànù. Mo fún ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó mú un ní ọ̀kúnkúndùn. Tó bá ti dé, á lọ dúró lẹ́bàá súwíìṣì. Ọjọ́ Ajé, iná ò wá. Ìṣẹ́gun, kò wá. Ọjọ́rú, wọ́n mú un wá nígbà tí a ti ń lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó rọra wá bá mi lórí tábìlì pé, "Àńtí, ṣé mo ti ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

Mo yọ káádì iná kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo wá bi ara mi ní ìbéèrè kan lórí àwọn tó kù: bí ọmọ kò bá ṣe é lónìí, kí ni a máa ṣàìní? Bí ṣọ́ọ̀kì kò bá sí, mi ò lè kọ̀wé. Bí a kò bá bomi rin ewúro inú páànù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á rọ. Bí kò bá sí ẹni tó ka iye àwa tó wá, mi ò mọ iye oúnjẹ tí màá sọ. Àwọn yẹn dúró. Akínni-kú-àbọ̀, tó ń dúró de àlejò tí kì í wá, bá iná lọ. Aṣáájú ìlà náà kì í ṣe iṣẹ́ kan tààrà, mo mọ̀, torí ìlà á ṣáà lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ, mo fi í sílẹ̀. Mo fi ṣíṣí àti títi fèrèsé rọ́pò iná. Títún bàtà tò lẹ́nu ọ̀nà ló rọ́pò akínni.

Ọ̀sẹ̀ kejì kan náà: garawa

Omi ìfọwọ́ wa, nínú dúrọ́ọ̀mù tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń pọn ọ́n. Garawa ọ̀dà ni mo fún wọn. Omi da sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó dà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pariwo. Lọ́jọ́rú ni mo tó ṣírò rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Garawa lítà 10 tó kún, kílò 10 nìyẹn láìka garawa. Gbogbo ara ọmọ ọdún mẹ́fà kò ju bíi kílò 20 lọ. Mo wá ń bínú sí ọmọ tí mo ní kó gbé ìdajì ara rẹ̀ gba orí sìmẹ́ńtì tó ń yọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, tilẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọmọ gbé ohun tó wúwo débi tó lè ṣàkóbá fún ìdàgbàsókè rẹ̀.

Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Róòmù, lọ́dún 1907, di ìlú mọ̀ọ́ká torí pé ó jẹ́ kí àga, tábìlì àti irinṣẹ́ mọ níwọ̀n ọwọ́ ọmọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá dé Róòmù. Ní abúlé ìyá mi, kèrègbè tí ọmọ ń gbé lọ sódò kì í tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá ṣe ń ga ni kèrègbè rẹ̀ ń tóbi. Mo mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà, mo sì lọ gbé garawa fún ọmọ.

Mo ra kẹ́ẹ̀gì òróró méjì tó ti ṣófo, lítà mẹ́ta-mẹ́ta. Mo fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ọṣẹ àti iyanrìn títí òórùn òróró fi tán, mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ibi tí lítà 2 dé. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ kan rọ tirẹ̀ kún dé ọrùn: "Àńtí, mo lágbára." Mo fi iná yan ìṣó, mo fi lu ihò sókè ìlà pupa díẹ̀. Omi tó bá kọjá ibẹ̀ á gba ihò dà sílẹ̀ nídìí dúrọ́ọ̀mù. Látìgbà náà, kò sí alágbára mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ìgbálẹ̀

Ibí yìí ló gba àkókò mi jù, kì í sì í ṣe nítorí pákó.

Káádì ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa ń sá fún. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé orúkọ ọmọbìnrin kan kọ́ síbẹ̀, ọmọ tó máa ń tètè dé ju gbogbo wọn lọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì, omijé bọ́. Mo tẹríba, mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Àńtí, mi ò pẹ́ dé."

Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó yé mi. Ní gbogbo ilé-ìwé wa, ẹni tó bá pẹ́ dé á gbálẹ̀. Ẹni tó bá pariwo á gbálẹ̀. Èmi gan-an ti fi ìgbálẹ̀ jẹ ọmọ níyà títí mi ò fi rántí iye ìgbà mọ́. Mo wá ya àwòrán ìyà náà sí káádì, mo kùn ún ní àwọ̀ tó wuyì, mo ní kí ọmọ máa yọ̀ sí i.

Mo lọ bá Ọ̀gá wa pé kí kíláàsì mi kúrò nínú ìyẹn. Wọ́n gbà, wọ́n ní kí n gbìyànjú rẹ̀ wò fún táàmù kan. Ní kíláàsì wa báyìí, ẹni tó bá pẹ́ á wá sọ ohun tó dá a dúró fún mi, ó parí. Tíṣà òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín mi dọ́ba: "Àńtí, ẹ ó ba àwọn ọmọ yìí jẹ́." Kíláàsì tirẹ̀ ṣì ń gbálẹ̀ tí wọ́n bá pẹ́, a sì jọ ń jẹun ọ̀sán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó wo ọwọ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ̀ wa dára fún ọmọdé ju èyí tó ní ọ̀pá gígùn lọ, torí kò ga. Nínípọn ìdí rẹ̀ ni wàhálà: ọwọ́ ọmọ kò lè ká a. Mo ra ọwọ̀ kan ní Òyìngbò, mo tú u sórí ìwé ìròyìn. Mo pín in sí méjì, mo ṣa àwọn tó ti ṣẹ́ dànù. Mo kó ìdajì kan jọ sọ́wọ́, mo ń gbún ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó, kó, kó, títí gbogbo orí rẹ̀ fi dọ́gba. Mo wá fi rọ́bà tí mo gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ wé e, mo ń fà á bí mo ti ń wé e, mo sì ki ìpẹ̀kun rẹ̀ bọ abẹ́ ibi tí mo wé gbẹ̀yìn. Òwú á tú láàárín ọjọ́ méjì. Rọ́bà ò tú títí di òní. Ọwọ̀ kan di méjì. Nígbà tí ọmọ tó sunkún yẹn mú tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn bí ìyá arúgbó, ó sì gbá abẹ́ tábìlì mi tí mi ò gbá láti ìgbà ọdún Kérésì.

Màmá tó ń gbálẹ̀ ilé-ìwé kò kọ́kọ́ dunnú sí i. "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?" Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá bá mi kọ́ wọn. Wọ́n wá. Àwọn ló kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ díẹ̀ kí eruku má baà gbéra, pé láti igun ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Èmi ò mọ èyí kọ́ wọn.

Bàbá ọmọ kan wá bá mi lọ́jọ́bọ̀. "Tíṣà, ẹ má bínú o. Owó tí mò ń wá káàkiri, ṣé ìgbálẹ̀ lọmọ mi wá ń kọ́?" Mo ní ní ilẹ̀ Jàpáánù, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń gbá kíláàsì wọn. Wọ́n ní ṣé Jàpáánù la wà. Ẹnu mi wọhò. Mo bá mú wọn dé iwájú pátákó, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá orúkọ ọmọ wọn, wọ́n bá a lábẹ́ àwòrán aka-iye. Mo ní òun ló ń ka àwa tó wá láràárọ̀, òun ló sì ń sọ iye rẹ̀ fún mi. Ojú wọn rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀." Mo ní ọ̀sẹ̀ yìí ni o, sà, tó bá yá, á kan ìgbálẹ̀. Wọn ò fèsì, wọ́n dágbére, wọ́n lọ. Ọmọ náà ti gbálẹ̀ báyìí, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ìkọ́ kejì

Àléébù méjì ló kù. Bí ọmọ kan kò bá wá, iṣẹ́ rẹ̀ kú. Ọ̀sẹ̀ kan tí mo sì ń fún wọn kéré: Ọjọ́rú ni iṣẹ́ tó ń mọ́ wọn lọ́wọ́, tó bá di ọjọ́ Ẹtì mo gbà á.

Mo yí ìkọ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, 12 mìíràn. Íǹṣì 8 gba pákó orúkọ méjì dáadáa. Ìkọ́ òsì ni ti àbúrò iṣẹ́, ìkọ́ ọ̀tún ni ti ẹ̀gbọ́n iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ, àbúrò ni ọ́, ẹ̀gbọ́n á máa fi hàn ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n á ju orúkọ rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, àbúrò á sún sí ọ̀tún, a ó sì yọ ẹni tuntun nínú agolo sí òsì. Ọmọ 24 ló ń ṣiṣẹ́, 10 ń sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ó ń kan ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èmi ò tún kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń nu pátákó láti ìgbà náà. Láti ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n ti ń gbà á.

Ìjà kan ṣoṣo ló bẹ́ sílẹ̀. A ní ìbejì. Táíwò ló kọ́kọ́ bọ́ sí iṣẹ́ ìwé pínpín, nígbà tí orúkọ Kẹ́hìndé jáde lọ́sẹ̀ kejì, Táíwò ti di ẹ̀gbọ́n iṣẹ́. Kẹ́hìndé kọ̀ jálẹ̀. "Àńtí, èmi ni mo rán an wá sáyé!" Kíláàsì pín sí méjì. Mi ò rí èsì sí i, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ bàtà.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: òjò

Oṣù Kẹfà, ẹ mọ òjò Èkó. Mo wà ní ọ́fíìsì nígbà tó dé lójijì. Àwọn onífèrèsé méjèèjì fò dìde, wọ́n ti gbogbo lúfà ìsàlẹ̀ kí n tó sáré dé. Ti òkè, ọwọ́ wọn ò tó o, mo sì ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun àga. Wọ́n gbọ́ràn. Omi gba òkè wọlé, ó ń ṣàn lára ògiri wá sórí pátákó. Máákà tí mo fi ya àwòrán ń ṣàn bí àtíkè lójú ẹni tó ń làágùn.

Ní ọjọ́ Ajé, etí ìsàlẹ̀ pláíwúùdù ti wú, ìpele rẹ̀ là bí ìwé tó bọ́ sómi. Mo rántí Bàbá káfíńtà. Bí mo ṣe tún un ṣe: mo jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òrùn fún ọjọ́ méjì, mo fi ọ̀bẹ ti gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, mo fi ọ̀rá bò ó kó má lẹ̀ mọ́lẹ̀, mo to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lé e lórí mọ́jú. Mo fi sáńpépà fá a. Mo wá kun etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe wí. Ìwú díẹ̀ kù ní igun òsì, kò ní lọ mọ́. Mo ya káádì tuntun, mo fi sẹ́lótéèpù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bo iwájú àti ẹ̀yìn. Pátákó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Fún lúfà òkè, mo so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀, tí a bá fà á wálẹ̀ á tì. Láti ṣí i, èmi ni mò ń gun àga.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: ṣápínà

Pẹ́ńsù ń tán. Mo rò pé wọ́n ń jí i ni. Àwọn agbẹ́-pẹ́ńsù ni: iṣẹ́ náà dùn mọ́ wọn débi pé èyí tó ti mú, wọ́n á tún un gbẹ́. A rí ọ̀kan tí kò gùn ju ìka ìfábẹ̀lá mi lọ. Agolo méjì ló wà báyìí, ti èyí tó kú àti ti èyí tó mú. Inú agolo kìíní nìkan ni ṣápínà lè wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá: okùn

Okùn ọ̀rá tí mo fi so àwọn pákó orúkọ ń tú. Ó ń yọ̀, kókó rẹ̀ kì í dúró. Mo fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó ń gún wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí a fẹ́ sún orúkọ, ti ọmọ oníná tẹ́lẹ̀ yẹn kò sí níbi kankan. A wá abẹ́ àga, a wá inú agolo, a tú bàtà. Òun fúnra rẹ̀ bá wa wá a, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé, ó yọ ọ́ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti gbé e lọ fi han ìyá àgbà rẹ̀. Okùn ọ̀rá ti lọ. Òwú pupa tí wọ́n fi ń dirun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ pọ̀ ní mẹ́ta, wọ́n sì ta á ní kókó kan tí mo fà, fà, fà, tí kò mira. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ta á. Ó ní òun wo ọwọ́ wọn, ó gba okùn mìíràn lọ́wọ́ mi, ó ta á lójú mi. Pákó orúkọ 33 ló kù láti tún so. Mo ti ra òwú, òun àti àbúrò iṣẹ́ rẹ̀ sì ti ṣe mẹ́sàn-án.